Ẹni Tó Fi Mansur Pamọ́

Ẹ̀bi Ìyá Rísíkátù ni gbogbo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ta ló rán ìyá arúgbó tí kò lè ka ojú fóònù láìfi awò sójú pé kó wá sọ nǹkan inú kọ̀ǹpútà lórúkọ?

Toyibat ọmọ ọmọ rẹ̀ àti Jàlálù, ọmọ Ìfọ́n, ló ń ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ Ìlobùú, ìlú Ìyá, àti ti Ìfọ́n: ta ló ní iṣu, ta ló fẹ́ ra ata. Wọ́n á kọ òfin bí gbólóhùn ṣe ń tò. Ẹ̀rọ mìíràn á gba òfin yẹn, á fi kọ́ èyí tí ń tú gbólóhùn palẹ̀ bí igi, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ lórúkọ.

“Kí lẹ pè wọ́n?” ni Ìyá bi wọ́n nígbà náà.

“‘Odidi gbólóhùn.’ ‘Ọ̀rọ̀ orúkọ.’ ‘Ọ̀rọ̀ ìṣe.’”

“Ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀! Ẹ fún wọn lórúkọ èèyàn. Odidi gbólóhùn, ẹ fi orúkọ mi, Rísíkátù, pè é, torí ìdí mi tó ń gba àga méjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn, ẹ pè é ní Mansur. Ọmọ yẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe é. Mansur ni ẹ̀gbọ́n Toyibat. Ó ti lọ da ewúrẹ́ wálé lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n. Kò padà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí bàtà. Ìyá kàn fẹ́ kí nǹkan kan ṣì máa pe orúkọ náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Toyibat figbe ta.

“Mansur ò sí lórí igi mọ́!”

Ìyá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ nídìí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Bàrákàt ni, ìyá Toyibat, tó ń bá èèyàn tẹ̀wé. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ náà máa ń sùn. Níjọ́sí, oníbàárà kan ní Àkànmú lorúkọ bàbá ìyàwó, kì í ṣe Afọlábí. Bàrákàt tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo Afọlábí inú ìwé ìpè di Àkànmú, títí kan Afọlábí tó ni gbọ̀ngàn. Ìyá rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lónìí, kò rẹ́rìn-ín. Rísíkátù wà lórí igi. Àwọn yòókù wà. Mansur nìkan ni kò sí.

Toyibat kọjú sí Jàlálù. “Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ẹ mú un lóko, ẹ tún mú un níbí. Gbé báàgì ẹ, máa lọ.”

“Mo fi Ọlọ́run búra, Toyibat, èmi kọ́.”

“Máa lọ!”

Jàlálù gbé báàgì rẹ̀ lórí tábìlì. Látìgbà ìjà, òun nìkan ni ọmọ Ìfọ́n tó ń wọ agboolé náà. Bó bá lọ báyìí, kò sẹ́ni tí yóò wá mọ́. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kún un fọ́fọ́.

“Ẹni tó bá lè gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kó máa lọ. Ọkọ mi, wò ó dáadáa. Ṣé wọ́n pa orúkọ náà rẹ́ ni?”

Jàlálù tẹjú mọ́ òfin. “Rárá, mà. Wọ́n fi ìlà kékeré kan síwájú rẹ̀ ni, bí mo ṣe fi han gbogbo yín níjọ́sí. Ẹ̀ka tó bá nírú ìlà yẹn á ṣì máa ṣiṣẹ́. Kò kàn ní hàn lórí igi.”

Ọlábánjí, ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, wọlé bọ̀. Ìyá ò jẹ́ kó jókòó.

“Ìwọ lo ń bá wọn jà lórí orúkọ.”

“Mo ṣì ń bá wọn jà, mà. Iṣẹ́ tí ẹ̀ka ń ṣe ló yẹ kó fi máa jẹ́ orúkọ, kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wọn lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé màá wá fi Rísíkátù sílẹ̀?”

“Òótọ́ ni. Èmi ni mo tóbi jù. Èmi lò bá kọ́kọ́ gbé jù nù.” Ó yíjú padà. “Ibo ni ìlà yẹn wà, Jàlálù?”

“Gbogbo ibi tí orúkọ náà wà. Àní títí dé òkè pátápátá.”

Lókè, Toyibat ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Fún Mansur, nígbàkigbà tó bá dé.* Ẹ̀rọ kì í ka ibẹ̀.

“Kí ni ìlà ń ṣe níbẹ̀?”

“Kò wúlò níbẹ̀, mà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ò ní fọwọ́ kàn án.”

Oníbàárà kan nahùn láti ìta: “Ìyá Mansur, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán?” Látàárọ̀, Bàrákàt kò tíì gbójú sókè kúrò níbi tó ti ń tẹ̀wé.

“Ìyàwó mi,” ni Ìyá sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ìwọ ni.”

Ọwọ́ Bàrákàt dúró.

“Ẹni tó bá kórìíra ọmọ náà ì bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ì bá fò ti òkè yẹn. Ìwọ lo máa ń fi bọ́tìnì kan yí gbogbo orúkọ padà, bí Afọlábí onígbọ̀ngàn ṣe di Àkànmú.”

“Èmi ni, mà.” Kò sunkún. “Bí àgbẹ̀ bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò pé, tó kọ ‘iṣu púpọ̀ Ìfọ́n’ lásán, ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí máa ń kọ síta? ‘Mansur ni à ń retí níbí. A ò rí i.’ Pupa ló fi ń kọ ọ́. Mo ń tẹ̀wé oníwèé, ó ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èèyàn kankan ò sọ ọ́ sí mi létí mọ́ pé wọn ò rí i. Ẹ̀rọ nìkan ló kù.”

“Màmi, kí ló dé tí ẹ ò kúkú pa á rẹ́?” ni Toyibat bi í.

“Kó ti ọwọ́ tèmi jáde pé ó kú?”

Toyibat gba báàgì lọ́wọ́ Jàlálù, ó gbé e padà sórí tábìlì. “Jàlálù, jọ̀ọ́, má bínú.”

Jàlálù mi orí sí i pé ó ti tán. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàrákàt. “Màmá, ṣé ká fún ẹ̀ka náà lórúkọ mìíràn?”

Bàrákàt ò wò ó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, mà. Ṣé ẹ̀yin ṣì ń retí rẹ̀?”