Ọgbà Ìyeyè Àyàndá

Ọjọ́ tí ọba ìlú kékeré kan lẹ́bàá Abaji ṣí àká rẹ̀ fún àwọn tálákà, nígbà tí ọ̀nà mọ́tò kò tíì dé ibẹ̀, ni Àyàndá alágbẹ̀dẹ àti Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ̀ wọ ìlú náà. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ogun ti lé wọn kúrò níbùgbé mẹ́ta. Ọba wọ agbádá funfun tí eruku ti sọ di pupa, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu ọkà bàbà sínú igbá àwọn ènìyàn. Nígbà tó kan Àyàndá, kò gbé igbá kankan kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ ló ń dùn wá. Ẹ bá wa wá ibi tí a ó jókòó sí."

Ọba fi ilẹ̀ kan lẹ́yìn odò ta á lọ́rẹ.

"Gbin bàbà, gbin ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àlejò kì í gbin igi níhìn-ín. Ẹni tó bá gbin igi ló ni ilẹ̀."

Àyàndá búra. Nítorí ewúrẹ́, ó gé ẹ̀ka ìyeyè, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí oko rẹ̀ ká, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe nílé.

Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, ìránṣẹ́ ààfin dé. Gbogbo ọgbà náà ti yọ ewé.

"Sànnu, àlejò. Igi mélòó lo gbìn?"

"N kò gbin igi, ìránṣẹ́ ọba. Ọgbà ni mo ṣe."

"Ọgbà tó ń rúwé?"

Ẹfúnróyè mí kanlẹ̀. "Baálé mi gbin ẹ̀wà, kò hù. Ó ri igi gbígbẹ mọ́lẹ̀, ó hù. Ẹ bá wa bi Ọlọ́run."

Ní ààfin, ọba kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ ni mo fi ta ọ́ lọ́rẹ, Àyàndá. N kò fi ọ̀la kún un. Hú wọn kí o máa gbé, tàbí kí o fi wọ́n sílẹ̀ kí o máa lọ."

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹfúnróyè bi í pé, "Ṣé kí n di ẹrù?"

"Ẹsẹ̀ mi ò gbà á mọ́."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hú gbogbo wọn. Ewúrẹ́ jẹ bàbà rẹ̀ lọ́dún náà. Síbẹ̀, lọ́dọọdún títí ó fi kú, agbọ̀n àkọ́kọ́ nínú ìkórè rẹ̀ ni ó ń rù lọ dúpẹ́ ọrẹ lọ́wọ́ ọba.

Lónìí, Dọ̀tun, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń fọ́ òkúta ní Mpape, l'Ábújá, ó sì ń gbé lórí ilẹ̀ tí ìjọba lè lé e kúrò nígbàkígbà. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ló gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Lateefah ìyàwó rẹ̀ ra ọmọ igi máńgòrò kan wálé, ó sì gbé ọkọ́ láti gbẹ́lẹ̀. Dọ̀tun gba igi náà, ó fi sínú ike ọ̀dà tó ti ṣófo.

"Jẹ́ kó wà nínú ike," ó ní. "Bí wọ́n bá dé, a ó lè gbé e."