Ta Ni Yóò Bo Tinúkẹ́?

Tinúkẹ́ ń gbé ní Sabon Zongo, ní Accra. Òun àti Màmá Àgbà tó ń ta ọṣẹ dúdú ní ọjà Kaneshie ni wọ́n jọ ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀.

Gbàrà-gàdà! Àrá sán.

Kíá, Tinúkẹ́ kó sábẹ́ aṣọ ìbora. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

Fìrì! Màmá Àgbà fa aṣọ ìbora lọ. Ó ní bí mànàmáná bá ń kọ, a kì í fi dígí sílẹ̀ lásán. Ó fi aṣọ náà bo dígí.

Ó sú Tinúkẹ́.

Ó rí ìró Màmá Àgbà lórí àga. Ó kó sábẹ́ rẹ̀.

Gbàrà-gàdà!

Fìrì! Màmá Àgbà fa ìró lọ. Ó fi bo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ojú tẹlifíṣọ̀n náà ń dán bíi ti dígí.

Ó sú Tinúkẹ́ gan-an.

Ó fa rọ́bà ńlá kan tó fẹ̀ bí aṣọ bora.

Òrùlé ń jò. Tó, tó, tó. Fìrì! Rọ́bà ti lọ. Màmá Àgbà ti fi bo agbọ̀n ọṣẹ. Ọṣẹ tí òjò pa, ta ni yóò rà á ní Kaneshie?

Ó wá sú Tinúkẹ́ pátápátá.

"Màmá Àgbà, ẹ bo dígí. Ẹ bo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bo ọṣẹ. Ta ni yóò bo èmi?"

Màmá Àgbà wo dígí. Ó wo ọmọ. Ojú tì í díẹ̀.

"Ọlọ́run ni, Tinú. Òun ni ibi ìsádi wa."

Tinúkẹ́ wo òkè. Ó wo abẹ́ àga. "Aṣọ rẹ̀ dà?"

"Kò nílò aṣọ. Ṣáà pè é. Má bẹ̀rù, wò mí, èmi kì í bẹ̀r—"

GBÀRÀ-GÀDÀ-GBÀÀ!

Ta ló wà lábẹ́ tábìlì yẹn? Màmá Àgbà ni! Ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Tinúkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Ó di ọwọ́ Màmá Àgbà mú. Ó dijú.

"Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo Màmá Àgbà. Ẹ bo ìdí wọn náà, kò wọlé tán. Kí ẹ sì bo èmi. Àmín."

Gbàrà-gàdà! Àrá tún sán.

Ṣùgbọ́n ara Tinúkẹ́ kò gbọ̀n mọ́. Màmá Àgbà náà fara balẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan tó tóbi ju ilé lọ ló gbá wọn mọ́ra.

Òjò dá. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Họọọn-GÀDÀ!

Ṣé àrá tún dé ni? Rárá o. Màmá Àgbà ló ń hanrun lábẹ́ tábìlì.

Tinúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rọra fa aṣọ ìbora kúrò lára dígí. Fìrì.

Ó fi bo Màmá Àgbà, títí dé ìdí.