Delbert Lórí Pákó Ìdoríkodò

Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá àdán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn tó bá dorí kodò lóun nìkan, ìṣe ta ni yóò máa wò bí kò ṣe ti ara rẹ̀?

Ìlú kékeré kan ní Nebraska ni Delbert ń gbé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìjókòó ọkọ̀ sì ti jẹ ìbàdí rẹ̀ run. Láàárọ̀, kó tó lè wọ ìbọ̀sẹ̀, á kọ́kọ́ di etí ibùsùn mú, á máa mí bí ẹni tó gun òkè. Oògùn kò ràn án.

Ìrora yẹn kọ́ ló burú jù lára rẹ̀. Ìgbéraga ni. Nígbà tí Lenora aya rẹ̀ kú, àwọn ará ìjọ ń gbé oúnjẹ wá fún un nínú àwo. Lọ́jọ́ kẹta, Delbert kó gbogbo àwo náà sínú ọkọ̀, ó gbé wọn padà sẹ́nu ọ̀nà oníkálukú, oúnjẹ inú wọn pé síbẹ̀.

"Èmi kì í ṣe alágbe," ló wí.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, àfi Orval, ọkùnrin kúkúrú tó ń gbé ní òdìkejì títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Orval rí Delbert tó bẹ̀rẹ̀ mú ìwé ìròyìn nínú yìnyín, tí kò lè nàró. Ó lọ gbé pákó rẹ̀ wá sínú ilé tí Delbert ń gbé ọkọ̀ sí: pákó gígùn lórí ẹsẹ̀ irin, tí a ń de ọrùn ẹsẹ̀ mọ́, tí ń fi ènìyàn dorí kodò kí egungun ẹ̀yìn lè nà.

"Ó tu èmi náà lára," Orval wí. "Ṣùgbọ́n má ì gùn ún o. Gíga tèmi ni mo tò ó sí. Lọ́la màá wá wọ̀n ọ́, màá sì dúró tì ọ́."

"Wọ̀n mí? Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?"

"Pósí tó máa gba ẹnu rẹ yẹn, igi rẹ̀ ò tíì hù nínú igbó."

Delbert kò rẹ́rìn-ín. "Gbé e sílẹ̀, kí o máa lọ."

Ó gba ẹ̀bùn, ó lé ẹni tó mú un wá. Nígbà tó di ọ̀sán, ìbàdí tún mú un, ó gun pákó náà. Ó de ọrùn ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ sókè kí pákó lè yí. Pákó tí a tò fún ènìyàn kúkúrú kò lè gbé ènìyàn gíga dọ́gba. Ó yí i dànù bí omi inú garawa, orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

Ara kọ́kọ́ tù ú. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ padà sókè, pákó kò mira. Ó gbìyànjú láti gbé àyà sókè, ìbàdí rẹ̀ gbaná. Fóònù já bọ́ lápò rẹ̀, ó yọ̀ lọ sábẹ́ àpótí irinṣẹ́.

Ó kígbe, kígbe. Ohùn rẹ̀ kọlu ilẹ̀kùn irin, ó padà wá bá a.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tí yóò wá òun. Ó rò títí. Orval tó ní òun ń bọ̀ lọ́la, ó ti lé e lọ. Ẹni kan ṣoṣo tó rí ni apínlẹ́tà, bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí àpótí lẹ́tà bá kún. Gbogbo àwo tó dá padà ń kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àwo wọ̀nyí, ó rántí Ẹni tí òun ti ń dá padà láti kékeré, Kristi tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ó kú nítorí rẹ̀.

Omijé rẹ̀ ṣàn gba iwájú orí lọ sínú irun.

"Jésù," ló wí, "ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Èmi tí mo ní n kò nílò ẹnikẹ́ni nìyí. Mi ò lè gbé ara mi dìde. Gbé mi."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Orval ni. Nígbà tó gbọ́ ìkérora, kò dúró kí wọ́n dá a lóhùn, ó wọlé. Ó fi ọwọ́ gbé èjìká Delbert, pákó yí padà jẹ́jẹ́, ó tú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ojú rẹ pọ́n bí tòmátì," ni Orval wí. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Okùn tí kì í jẹ́ kí pákó yí kọjá ààyè nìyí. Mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Bí mo ṣe rí i, àyà mi já. Mo mọ orí kunkun rẹ."

"Orval, mo pe Jésù."

"Kí o tó pè é ló ti rán mi jáde."

"Mi ò mọ àdúrà míì tí mo tún lè gbà."

"Èyí tí o gbà lórí pákó yẹn tó. Ó kù kí o má gbé ẹ̀bùn Rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà Rẹ̀."

Delbert sunkún bí ọmọdé, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Olúwa. Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ tí í yọ ọmọ Rẹ̀ nínú ọ̀fìn! Ẹ̀yìn rẹ̀ kò san lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò dá nìkan wà mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ lè wà nílẹ̀, kí ọkàn rẹ dorí kodò. O ti gba afẹ́fẹ́, o ti gba oúnjẹ, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Ẹni tó fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi, o kò lè gbé ara rẹ dìde. Ké pè é lónìí, nígbà tí ohùn rẹ ṣì ń jáde. Má sọ pé ó di ọ̀la.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Delbert la yìnyín kọjá sí òdìkejì títì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Lenora ti kú, òun ló kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ó ṣí fìlà.

"Orval," ló wí, "jọ̀ọ́, wá wọ̀n mí."