Ohun Tí Etí Òsì Gbọ́ Nínú Ìkùukùu

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Àwọn tó wà nínú bàálù ọ̀hún ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì jẹ́ wọ bàálù mọ́. Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó máa rò ó lọ.

Lékeléke ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn tó sì tín-ín-rín, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ tí kì í ní àbàwọ́n. Òun ló wa bàálù ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà wa bàálù rí, fún ilé iṣẹ́ kan náà, kó tó di pé ó wọ inú ìkùukùu lọ lọ́jọ́ kan tí kò sì jáde. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti ṣa àfọ́kù. Ilé iṣẹ́ ní etí rẹ̀ ló tàn án jẹ. Òkú kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́. Wọ́n di ẹ̀bi ru òkú, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Lékeléke gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀ nìyẹn. Omi kan wà nínú etí ọmọ ènìyàn, nínú lọ́hùn-ún, tó ń sọ fún ara ibi tí òkè wà àti ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Nígbà tí ojú bá ń ríran, ojú á máa bá a wí. Ṣùgbọ́n nínú ìkùukùu, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, omi yẹn á di onírọ́. Bàálù á ti rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á ní ó dúró ṣánṣán. Bí o bá sì tún un ṣe, omi á figbe ta pé o ń ṣubú. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn kò fi ní 'àmọ́' nínú: gba aago tó wà níwájú rẹ gbọ́, èyí tó ń fi bí bàálù ṣe tẹ̀ hàn, má gba etí rẹ gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀fìnkìn ti dí etí òsì rẹ̀ pa. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Sà, etí mi kan ò gbọ́ nǹkan kan rárá. Kò yẹ kí n fò lónìí."

Ọ̀gá kò gbójú sókè. "Ṣé etí lo fi ń wa bàálù ni?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé..."

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé èrò ti jókòó. Tí o ò bá lọ, ẹlòmíì á lọ. Ó sì lè má dìde lórí àga ẹ mọ́ o."

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò ní wọ bàálù ló máa ń yá lára jù pé kí bàálù gbéra. Lékeléke fa imú, ó sì lọ.

Igbákejì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Àǹtí, ohùn yín ti dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tó kó sí kànga." Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbéra.

Wọ́n wọ inú ìkùukùu.

Funfun. Iwájú funfun, ẹ̀gbẹ́ funfun, apá bàálù gan-an kò hàn. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń wọ etí ọ̀tún rẹ̀. Etí òsì dákẹ́ bíi yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Aago iwájú rẹ̀ ní bàálù dúró ṣánṣán. Ti iwájú igbákejì ní bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láàárín wọn náà ní bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan mí sínú etí òsì.

Kì í ṣe nínú ohun ìgbọ́rọ̀ tó dé sórí. Nínú etí gan-an. Èémí tútù. Lẹ́yìn èémí, ohùn.

"A ti tẹ̀ sọ́tùn-ún."

"Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀?" Lékeléke bi igbákejì rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Bisikíìtì ni mò ń jẹ."

"A ti tẹ̀ sọ́tùn-ún."

Ó mọ ohùn náà. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Wo aago rẹ. Kí ló sọ?"

"Ṣánṣán ni, Àǹtí."

"Ara rẹ ńkọ́?"

"Ṣánṣán. Kí ló dé gan-an?"

Ọmọ kan ń kọrin láàárín àwọn èrò lẹ́yìn. Bí Lékeléke bá gba etí gbọ́, tí aago sì jẹ́ olóòótọ́, òun ni yóò pa ọmọ yẹn àti gbogbo wọn, ilé iṣẹ́ yóò sì rí nǹkan sọ: ìdílé elétí burúkú. Bó bá gba aago gbọ́ ńkọ́?

"Àbúrò." Ohùn náà ti ń bẹ̀bẹ̀. "Mo sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́."

Lékeléke rú òfin. Ó yí bàálù sósì.

"Àǹtí! Kí lẹ ń ṣe? Ẹ wo aago!" Aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ̀ sósì pátápátá. Igbákejì rọ̀ mọ́ ọ̀pá ìdarí tó wà níwájú tirẹ̀.

"Fi sílẹ̀!"

"Ẹ máa pa wá!"

"Mo ní kí o fi sílẹ̀!"

Ìkùukùu ya. Ilẹ̀ hàn nísàlẹ̀, ó tẹ́ bíi tábìlì. Apá bàálù méjèèjì wà lọ́gbọọgba. Lọ́wọ́ ọ̀tún, nítòsí débi pé wọ́n rí ewé igi, òkè kan ń kọjá lọ.

Aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì tẹ̀ sósì.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, àwọn mẹkáníìkì tú aago, wọ́n tún un tò. Kò sí àlébù kankan. Igbákejì, tó dì mọ́ Lékeléke, tó sì ń sunkún lẹ́bàá bàálù, wá sọ lọ́jọ́ kejì níwájú ọ̀gá pé òun kò rí òkè kankan. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù tó máa bí. Ta ló máa dá a lẹ́bi pé ó ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀?

"Etí ẹ ló tàn ẹ́," ni ọ̀gá wí. "Lọ rí dókítà. Òun ló máa sọ bóyá wàá tún fò láyé yìí."

Àga kan tó ń yí wà lọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n á fi aṣọ di ojú awakọ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á wá ní kó nawọ́ síbi tó ń yí lọ. Kò sẹ́ni tí kì í nawọ́. Bí a ṣe dá etí ọmọ ènìyàn nìyẹn: àga á ti dúró, etí á ní ó ṣì ń yí.

Wọ́n di ojú Lékeléke. Àga yí. Ó dúró.

"Ibo lẹ ń yí lọ?"

"Mi ò yí. A ti dúró."

Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé. "Nọ́ọ̀sì, tún un yí. Kó le."

Àga yí. Ó dúró.

"A ti dúró, Dókítà."

"Kò ṣeé ṣe. Tún un yí."

Àga tún yí, ó dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè mọ́. Ó ń retí. Ó gbọ́ tí nǹkan onírin já bọ́ sórí táìlì. Ó gbọ́ èékánná lára ògiri.

"Dókítà?"

Ó tú aṣọ ojú rẹ̀. Yàrá dúró jẹ́ẹ́. Kọ́tìnnì kò mì. Nọ́ọ̀sì dojú bolẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ gbọ̀n dànù. Dókítà gbá ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ra, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù. Ẹ dá a dúró."

"Kí ni kí n dá dúró?"

Ẹyinjú dókítà ń sáré lọ sọ́tùn-ún, ó ń padà, ó tún ń lọ.

Lékeléke sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, ó sì rọra bi í ní ohun kan ṣoṣo tó tìtorí rẹ̀ wá.

"Etí mi ńkọ́, sà? Ṣé ó dáa?"

Níta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ilé ń yí, kí wọ́n dá a dúró.