Iyanrìn Nínú Kọ̀nténà Àwọn Aránṣọ

Ayùn irin ni wọ́n fi gé síìlì, èdìdì ẹnu kọ̀nténà náà, ní Ajégúnlẹ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn aránṣọ bí ogójì dúró yí i ká. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n rà láti òkè òkun ni wọ́n ń retí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àpò iyanrìn ni wọ́n bá.

Suwaibat, olórí ẹgbẹ́ wọn, fa àpò kan ya. Iyanrìn dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó yíjú sí Oghenemaro, awakọ̀ tó gbé ẹrù náà wá láti èbúté Àpápá.

"Olè! Níbo lo já ẹrù wa sí?"

"Màdáámù, mo fi ìyá mi búra, I no touch am! Ṣebí ojú yín ni wọ́n ṣe gé síìlì!"

Fàsásì, aṣojú tó bá wọn gba ẹrù jáde ní èbúté, gbá awakọ̀ náà létí. "Ẹ má dá a lóhùn! Ẹ pe ọlọ́pàá!" Òun ló pariwo jù.

Inspẹ́kítọ̀ Motọ́láyọ̀ dé, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí Oghenemaro lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kó tó mú un lọ, ó yí kọ̀nténà náà po. Nọ́ńbà ara síìlì bá ti inú ìwé ẹrù mu. Gbogbo ara kọ̀nténà ti dípẹtà, àfi àwọn nọ́ọ̀tì tó de ilẹ̀kùn ọ̀tún mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà tuntun. Ó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà búlúù lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Wọn ò fọwọ́ kan síìlì rárá. Ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n tú. Awakọ̀, níbo lo ti dúró lọ́nà?"

"Ibùdókọ̀ Coconut nìkan. Lucky mẹkáníìkì ní búréèkì mi ń jò, pé kí n lọ jẹun, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni."

"Ta ló ní kó o lọ bá Lucky?"

"Ọ̀gá Fàsásì."

Gbogbo wọn wẹ̀yìn. Fàsásì ti lọ.

Ní Coconut, abẹ́ tírélà ni wọ́n ti bá Lucky.

"Jáde!" Motọ́láyọ̀ pàṣẹ.

"Mo ń ṣiṣẹ́, Màdáámù."

"Jáde, àbí kí wọ́n wọ́ ẹ jáde?"

Ọ̀dà búlúù wà ní èékánná rẹ̀. Motọ́láyọ̀ di ọwọ́ náà mú. "Bó o bá parọ́, ìwọ nìkan lo máa ṣẹ̀wọ̀n. Fàsásì á máa jẹun nílé ẹ̀."

Lucky jẹ́wọ́. "Olodi ni wọ́n kó ẹrù náà sí. Ilé ìkẹ́rùsí kan, géètì pupa."

Nígbà tí wọ́n dé Olodi-Apapa, Fàsásì ń kó ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ó fo ògiri, ó gba abẹ́ tírélà méjì kọjá, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan létí odò. Kó tó di pé wọ́n dé etí omi, ọkọ̀ ti kúrò ní bèbè.

"Olè ni o!" Suwaibat, tó tẹ̀lé wọn, kígbe.

Atukọ̀ tó ń wa ọkọ̀ náà dáwọ́ àjẹ̀ dúró.

"Tukọ̀, àbí kí n pa ẹ́!" Fàsásì fa ọ̀bẹ yọ.

Atukọ̀ náà bẹ́ sómi tàjẹ̀tàjẹ̀. Ọkọ̀ ń yí lójú kan. Fàsásì ń fọwọ́ wa omi bí aṣiwèrè títí ọlọ́pàá méjì fi wọdò lọ gbá a mú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò lè gbójú sókè mọ́. "Kì í ṣe àkọ́kọ́. Awakọ̀ méjì wà lẹ́wọ̀n lórí iṣẹ́ tí mo ṣe."

"Dárúkọ wọn," Motọ́láyọ̀ wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n tú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ Oghenemaro. Òun náà ló gbé àwọn ẹ̀rọ náà padà sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn aránṣọ ń jó, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Suwaibat ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Ó kúnlẹ̀ níwájú awakọ̀ náà, tàgbà tàgbà.

"Níṣojú gbogbo wọn ni mo pè ẹ́ lólè. Níṣojú wọn náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́."

Oghenemaro yára fà á dìde. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ dìde, Mà. Ẹ jẹ́ ká já ẹrù yín."