Ẹ̀wù Iṣẹ́ Bàbá Rédíò

Bí Bàbá Rédíò bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ á ti fò mọ́ ọn. Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò sí ẹni tó rí i pa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àmọ́ ìròyìn ilé àti ìròyìn ìta ló máa ń rò fún bàbá rẹ̀ lórí ìjókòó kan.

“Bàbá mi, ológbò ojúlé kejì ti bímọ! Màmá ní ẹ gbàgbé ọṣẹ! Mi ò sunkún rárá lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sunkún!”

Bàbá rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, á gbé e lé àyà. Ọmọ á máa rojọ́ lọ títí oorun á fi gbé e lọ lórí ẹ̀wù iṣẹ́ tí eruku ti sọ di aláwọ̀ eérú.

Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni ọkùnrin yìí ń tú. Á là á, á da omi inú rẹ̀ nù, á yọ òjé rẹ̀ jáde, á sì yọ́ ọ nínú ìkòkò irin lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí èéfín ti ń fẹ́ lọ sí ojú fèrèsé àwọn aládùúgbò. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Bó ṣe rò ó nìyẹn.

Ìyá Rédíò wá dá ọgbọ́n kan. Tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ níṣẹ́, tí ọmọ kò gbà láti sùn, á yọ ẹ̀wù iṣẹ́ kejì lórí ìṣó, á fi bò ó. Bí ọmọ bá ti gbóòórùn bàbá rẹ̀ báyìí, á sùn fọnfọn. Nígbà tó yá, obìnrin náà ò fọ ẹ̀wù yẹn mọ́, kí òórùn bàbá má baà kúrò lára rẹ̀. Inú Bàbá Rédíò dùn nígbà tó gbọ́. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí ọmọ tó fẹ́ràn ẹni tó bẹ́ẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń rọra sọ̀rọ̀ ló kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ la fẹ́ gbà lára ọmọdé àti àgbà ilé yìí. Kẹ́míkà pọ̀ nínú ohun tí à ń lò àti iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ìjọba fẹ́ mọ èyí tó ti wọ ara àwọn èèyàn, àti bó ṣe pọ̀ tó.”

“Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ara wa ò yá?” Bàbá Rédíò dá a lóhùn.

“Kò dìgbà tí ara ò bá yá, sà. Kẹ́míkà mìíràn á ti pẹ́ nínú ara kéèyàn tó fura.”

“Tẹ́ ẹ bá wá rí i, ṣọ́ọ̀bù mi lẹ máa tì pa, àbí?”

“Rárá o. Ibi tí a bá ti rí i nìjọba máa mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbé ìtọ́jú lọ, kí wọ́n sì ṣòfin tó máa dáàbò bo èèyàn. Àdúgbò tí a ò bá yẹ̀ wò, wọ́n á rò pé àlàáfíà ló wà níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.”

Rédíò yọjú lábẹ́ apá bàbá rẹ̀, ó na ìka rẹ̀ kékeré sí nọ́ọ̀sì. “Èmi ò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ o! Ẹ gún mi, ẹ máa rí i!”

Bàbá rẹ̀ fà á wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kì wọ́n nílọ̀ pé ẹni tó bá gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ òun ló fẹ́ bà jẹ́. Àwọn aládùúgbò bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n tilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì àtàwọn ènìyàn rẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Rédíò. Oúnjẹ ò wù ú mọ́. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn. Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á ní, “Bàbá mi, ológbò…” á sì dákẹ́, á máa wo ojú bàbá rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ bàbá ni ìyókù ọ̀rọ̀ náà wà.

“Bàbá Rédíò, bátìrì Rédíò yín ti ń kú o!” Télọ̀ ojúlé kejì ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bí àìsàn ọmọ ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀wù iṣẹ́ bò ó sí i, torí òun nìkan ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gìrì mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Bàbá fi ẹ̀wù yẹn náà wé e, ó gbé e sá lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú lọ́jọ́ sí ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí gìrì náà dáwọ́ dúró, nọ́ọ̀sì fi ìbọ̀wọ́ tú ẹ̀wù náà kúrò lára ọmọ. Ó wo eruku tó kù sí i níka.

“Ẹ̀wù ta nìyí?”

“Ẹ̀wù iṣẹ́ mi ni. Bátìrì ni mò ń tú.”

“Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn?”

Ìyá Rédíò ló dáhùn. “A kì í fọ̀ ọ́, mà. Òun lọmọ fi ń sùn.”

Nọ́ọ̀sì ká ẹ̀wù náà sínú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí èsì jáde, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ pọ̀ ju ti bàbá tó ń yọ́ ọ lọ.

“Ara ọmọdé máa ń gba òjé ju ti àgbà lọ,” nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. “Á fọwọ́ kan ẹ̀wù, á fi sẹ́nu. Á mí eruku rẹ̀ símú lójú oorun. Ọpọlọ ni òjé náà ń lọ bá jà.”

“Ṣé kò ní kú?” Ọkùnrin náà ló béèrè.

“A ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń fa òjé jáde. A gbàgbọ́ pé kò ní kú.”

“Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé á tún máa sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?”

“Èyí tó ti bà jẹ́ nínú ọpọlọ, mi ò lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín, sà. Ká ní a rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́jọ́ yẹn ni…”

Bàbá Rédíò rántí ìka kékeré tí ọmọ nà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, “Àwọn ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Èmi ni mo ní kí wọ́n tilẹ̀kùn.”

“Ẹ bá wa lọ ṣí i,” nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Ó sì bá wọn lọ. Ní ojúlé kejì, télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. “Bàbá Rédíò, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká má gbà?”

“Èmi ni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi.”

Télọ̀ náà pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà, àmọ́ kò tíì pọ̀ jù. Èsì gbogbo àdúgbò ni ìjọba fi mọ ibi tí òjé ti ń wá. Wọ́n kó eruku ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kúrò, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ́ òjé nítòsí ilé mọ́. Wọ́n wá ibòmíràn tó jìnnà fún àwọn tó ń tú bátìrì, pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ibi ìfọṣọ. Ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Rédíò ń bẹ̀rù pé wọ́n máa tì, wọn ò tì í, ibòmíràn yẹn ni wọ́n gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tú bátìrì, tí ẹ ń jó wáyà, tí ẹ ń kun ọ̀dà, tàbí tí ẹ ń po oògùn kòkòrò, ẹ fi ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Tí ẹ̀wù náà bá gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Inú tó ń run ọmọ lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi ṣàwàdà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sì wá gba ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó rán an, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ wá na ọwọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ìjọba ohun tí ojú ò rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, Bàbá Rédíò á ti wẹ̀ kó tó délé. Ọmọ rẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní fò mọ́ ọn. Bàbá á gbé e lé àyà, òun fúnra rẹ̀ á sì máa ro ìròyìn fún un. “Ológbò ojúlé kejì tún ti bímọ o. Mo ra ọṣẹ bọ̀ lónìí.” Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á dúró bóyá ọmọ á fi tirẹ̀ kún un.