Pọ́ǹpù Tí Rakia Ń Ṣọ́

Lọ́dún 1989 ni Lassissi, ọmọ Bantè tó kàwé dé láti òkè òkun, gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé epo Tìjání ní Savalou. Rakia, ọmọ Tìjání, ló bá a di wáyà mú. Ọwọ́ wọn kanra, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

"Pọ́ǹpù tìrẹ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ Yessoufou dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ètò tí mo kọ," Lassissi ṣàlàyé. "Kálukú mọ iye epo tirẹ̀. Bí epo bá ń jáde, pọ́ǹpù á ké sí kọ̀ǹpútà, ìyẹn á pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, á dá a lóhùn ná."

"Bí ìwọ náà ṣe ń ṣe tí mo bá pè ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, olólùfẹ́ mi."

Tìjání fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn. Àmọ́ kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé epo tí Rakia kò tà ń jáde ní pọ́ǹpù rẹ̀.

"Ta lò ń fún lépo?" Tìjání bi í. "Àbí àwọn alálùpùpù tó ń lọ Bantè ni?"

Rakia fura sí Yessoufou, Yessoufou náà ń ṣọ́ ọ. Rakia sá tọ Lassissi lọ. Lassissi wo ẹ̀rọ, ó wo ojú rẹ̀.

"Rakia, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o mú un?"

Rakia kẹ̀yìn sí i, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tìjání ti pọ́ǹpù Rakia pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Síbẹ̀, bí Yessoufou ṣe ń rọ epo fún ọkọ̀ kan tó ń lọ ìlú Tchetti, orúkọ Rakia ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sí. Ìgbà náà ni Lassissi tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," ó ní. "Igbe pọ́ǹpù kì í sọ ẹni tó ni ín. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo là fún gbogbo wọn nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ Rakia ni mo sì kọ síbẹ̀. Mo ti fún kálukú ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ báyìí."

Tìjání bẹ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Rakia kúnlẹ̀. "Mo ti dárí jì yín, Bàbá." Ó yíjú sí Lassissi. "Bàbá mi ò mọ ẹ̀rọ yìí. Ìwọ lo kọ ètò rẹ̀. Síbẹ̀, èmi lo kọ́kọ́ fura sí."

"Mo ṣẹ̀ ọ́, olólùfẹ́ mi."

"Mo gbọ́. Máa lọ sílé yín láyọ̀."

Ìfẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn Rakia, ìyẹn ló ń dùn ún jù. Ọkọ̀ kan fun fèrè níta. Ó nu ojú, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì jáde lọ ta epo.